TÁǸKÌ ẸJA PERSPEX TÍ Ó SÁN: BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE, ÀTI ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ A TÚN UN ṢE

Orí ìjà ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ti ṣẹ̀. Ẹ rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ìyá wa kan tí ń ta ìrẹsì dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ san owó àpò ìrẹsì méjì tí omi bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Omi wo? Omi táǹkì ẹja tó wà ní ilé ìtajà ẹgbẹ́ wa ni. Àwọn kan ní kí ọmọkùnrin tó tún táǹkì náà ṣe lọ san án. Àwọn mìíràn ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí ìyá fọwọ́ wọ́nú.

Àwa ìgbìmọ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, a sì wádìí rẹ̀ dáadáa. Ohun tí a rí ni pé ẹ̀bi pọ̀ lọ́wọ́ tiwa ju ti ọmọkùnrin yẹn lọ. A ra táǹkì, a ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ó sán, a ò bèèrè ohun tó fà á. A pe ẹni tó wà nítòsí, a ní kó bá wa fi nǹkan dí i. Ẹgbẹ́ ti san owó ìrẹsì náà, ọ̀rọ̀ ìyẹn ti parí. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn wà tí wọ́n ní irú táǹkì yìí ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan tilẹ̀ fi owó àyálò ẹgbẹ́ rà á. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a kọ ohun tí a ti kọ́ sílẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé owó ni ẹlòmíràn náà yóò fi kọ́ ọ.

Kí ni Perspex?

Ẹni tó bá wo táǹkì náà á rò pé gíláàsì ni. Kì í ṣe gíláàsì o. Ọ̀kan nínú ìdílé ọ̀rá líle ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní acrylic. Perspex ni orúkọ tí àwa mọ̀ ọ́n sí lọ́jà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n mú un jáde fún títà láàárín ọdún 1930 sí 1939. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni wọ́n fi ṣe fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé kò wúwo, kì í sì í fọ́ yángá-yángá bíi gíláàsì.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ìdajì ìwọ̀n gíláàsì lọ. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, tó ìpín 92 nínú 100. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn oníṣòwò fi fẹ́ràn rẹ̀: oníbàárà á dúró lókèèrè, á rí ẹja àrọ̀ àti epìyà tó ń yí kiri, á sì fọwọ́ tọ́ka sí èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Ó tètè ń há. Kò fẹ́ ooru púpọ̀. Bí sípíríìtì, tíńnà, pẹtiróòlù tàbí omi ìnugíláàsì tó ní ammonia bá kàn án, ara rẹ̀ lè sán wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ rírọ̀, ìyẹn nìkan ló yẹ kí á fi nù ún.

Agbára omi

Kí a tó dé orí àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń bá jà. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Bí táǹkì kan bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 45, tó sì ga ní 60, omi tó kún inú rẹ̀ jẹ́ lítà 324. Kílò 324 nìyẹn, ó ju àpò ìrẹsì oníkílò 50 mẹ́fà lọ.

Kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan ni omi ń tẹ̀ o, ó ń ti ògiri pẹ̀lú. Nínú táǹkì tí a sọ yìí, agbára tí omi fi ń ti ojú iwájú síta tó kílò 216. Bí ìgbà tí àpò ìrẹsì mẹ́rin fara ti ògiri kan, tọ̀sán-tòru, láìsinmi. Ìsàlẹ̀ ni títì náà sì ti le jù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, nítorí ó máa wúlò níwájú. Bí a bá dín omi náà kù sí ìdajì, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 30, agbára tó ń ti ojú iwájú kò ní jẹ́ ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù, kílò 54. Jíjìn omi ló ń ti ògiri, kì í ṣe pípọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, táǹkì Perspex ńlá kan wà nínú hótẹ́ẹ̀lì, AquaDom ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i. Omi inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù lítà kan, ẹja inú rẹ̀ sì tó 1,500. Ní ìdájí ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ọdún 2022, ó bẹ́ lójijì. Omi ya wọ hótẹ́ẹ̀lì, ó sì ya dé òpópónà, ènìyàn méjì farapa, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja náà sì kú. Ní ọdún 2023, onímọ̀ tí wọ́n ní kó wádìí rẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan pàtó ló fà á, ṣùgbọ́n ó ka ohun mẹ́ta tó ṣeé ṣe: bóyá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ló já, bóyá ó gbẹ jù nígbà tí wọ́n da omi rẹ̀ nù láti tún un ṣe, bóyá nǹkan ló ti gbá a ní ìsàlẹ̀, tó dá ojú ọgbẹ́ sí i. Ẹ fi ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́kàn. Nínú táǹkì kékeré tiwa náà, àwọn ni ọ̀tá.

Kí ló fa sísán náà?

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó bá dí ojú sísán láìwá ohun tó fà á, iṣẹ́ òfo ló ṣe. Nígbà tí a yẹ táǹkì ẹgbẹ́ wò, ohun méjì ni a rí. Àkọ́kọ́, orí búlọ́ọ̀kù méjì ni a gbé e lé, pákó tó wà láàárín sì ti tẹ̀, ìsàlẹ̀ táǹkì kàn fò sókè láàárín ni. Èkejì, àmì wà ní ojú iwájú níbi tí irin kan ti gbá a rí. Títẹ̀ pákó ń fa ojú ibẹ̀, ọgbẹ́ ti wà níbẹ̀, omi sì ń tì í. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́.

Ọmọkùnrin tí a pè fi sílíkóònù kun ara rẹ̀ láti ìta, omi sì wà nínú rẹ̀. Sílíkóònù dára fún táǹkì gíláàsì, ó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì gbágbágbá. Kì í lẹ̀ mọ́ Perspex bẹ́ẹ̀. Èékánná lásán lè ṣí i kúrò. Tí a bá sì fi nǹkan sí ìta, omi inú ló ń tì í kúrò. Ní òru ọjọ́ kẹta, ojú sísán tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 tẹ́lẹ̀ di 25. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́

Kì í ṣe gbogbo ìlà tí ẹ bá rí lára Perspex ló jẹ́ sísán. Irú mẹ́rin ló wà:

1. Híhá lásán. Èékánná máa ń mọ̀ ọ́n lójú kan ṣoṣo, omi kì í jò. Sáńpépà tó kúnná, tí a rẹ sínú omi, ni a fi ń fá a: a lè bẹ̀rẹ̀ láti 600, kí á lọ sí 1000, kí á parí rẹ̀ ní 2000, kí á wá fi ìpara ìdán dán an.

2. Sísán wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Kẹ́míkà, ooru tàbí ìnira ọjọ́ pípẹ́ ló fà á. Bí ó bá ti gba gbogbo ara rẹ̀, kò sí àtúnṣe níbẹ̀.

3. Ojú oríkèé tó ń jò, níbi tí ògiri méjì ti pàdé.

4. Ògiri tó sán láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tiwa nìyí.

Ohun tó ń so Perspex pọ̀

Gọ́ọ̀mù lásán, orí nǹkan ló ń lẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fi ń so Perspex kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kan ni, ó ń sọ ojú Perspex méjèèjì di rírọ̀, wọn á wọnú ara wọn. Bí omi náà bá ti gbẹ dànù, méjèèjì á di ẹyọ kan. Ẹ fi wé bí wẹ́dà ṣe ń jó irin méjì pọ̀. Àwọn tó ń fi Perspex ṣe pátákó ìpolówó àti àmì ẹ̀yẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, lọ́dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bèèrè. Èyí tó ṣàn bí omi wà, irú Weld-On 4. Òun ni fún ojú oríkèé tóóró. Èyí tó ki bí oyin wà, irú Weld-On 16. Òun ni fún lílẹ ègé mọ́ ara ògiri. Súpá gúlù kò dára fún iṣẹ́ yìí, ó máa ń gan, ó sì ń tètè já.

Ìkìlọ̀ ńlá nìyí o, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Èéfín àwọn omi wọ̀nyí lè pa ènìyàn. Methylene chloride ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì ń lo chloroform. Ní ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí wọ́n má ta methylene chloride fún ará ilé láti lò mọ́, nítorí àwọn tó ti bá a lọ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kí iná tàbí sìgá má sí nítòsí. Kí ọmọdé má sí níbẹ̀. Bí orí bá ń yí yín, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá. Ẹni tí kò bá ní ibi tó ṣí sílẹ̀, kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ń ṣe é jẹun.

Bí a ṣe tún tiwa ṣe

Oníṣẹ́ pátákó ìpolówó kan ló wá tọ́ wa sọ́nà. Bí a ṣe tò ó nìyí:

Èkínní, a kó ẹja kúrò. Ẹja àrọ̀ lè mí láti ojú òfuurufú, nítorí náà ó lè fara da inú abọ́ ńlá tó ní omi, bí a bá dé e kó má baà fò jáde. Epìyà kò rí bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí atẹ́gùn máa wọ inú omi rẹ̀.

Èkejì, a da omi nù, a fọ inú rẹ̀, a nù ún gbẹ. A gbé e sí ibòji. Perspex tó ti pẹ́ nínú omi ti mu omi díẹ̀; bí a bá sá a sóòrùn, inú àti ìta kò ní gbẹ bákan náà, ó sì lè tún sán.

Ẹ̀kẹta, a lu ihò kékeré sí orí méjèèjì tí ojú sísán parí sí, ihò tí kò ju mílímítà 3 lọ. Ẹnu ya àwọn kan: ṣé a tún ń lu ohun tó ti sán ni? Bẹ́ẹ̀ ni o. Orí ojú sísán mú bí abẹ, ibẹ̀ ni gbogbo agbára ń kó jọ sí. Tí ihò róbótó bá wà níbẹ̀, agbára náà á pín yíká, sísán náà á dúró. Jẹ́jẹ́ ni kí dírììlì máa yí, kí pákó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má sì fi agbára tì í.

Ẹ̀kẹrin, a gé ègé Perspex kan tó nípọn tó ògiri náà, tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 ju ojú sísán lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Tiwa jẹ́ 35 sí 12. A sọ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di róbótó, nítorí igun tó mú náà lè bẹ̀rẹ̀ sísán mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, a dojú táǹkì dé, kí ògiri tó sán wà nísàlẹ̀, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí pákó tó dọ́gba. Láti inú ni a ti lẹ ègé náà. Inú ni o, kì í ṣe ìta. Tí ó bá wà nínú, omi fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. A tẹ́ gọ́ọ̀mù tó ki náà, a gbé etí ègé kan kalẹ̀ ṣáájú, a sì ń sọ ìyókù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. A gbé ẹrù díẹ̀ lé e. Díẹ̀ ni, torí bí ẹrù bá pọ̀ jù, gbogbo gọ́ọ̀mù á sá jáde.

Ẹ̀kẹfà, a fi í sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé ara gọ́ọ̀mù lè ní ọjọ́ kan tó. Ìyẹn dára fún ojú oríkèé tóóró. Lábẹ́ ègé tó fẹ̀, omi gọ́ọ̀mù kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Títí tí òórùn rẹ̀ á fi tán pátápátá ni kí ẹ dúró, nítorí ẹja náà kò ní fara da á.

Èkeje, a tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Pákó líle kan tó tẹ́ tó gbogbo ìsàlẹ̀ táǹkì ni a fi sí i báyìí, pẹ̀lú fóòmù fẹ́lẹ́ láàárín wọn. Ẹni tó bá tún ojú sísán ṣe tí kò tún ìdúró ṣe, kó máa retí sísán kejì.

Tó bá jẹ́ ojú oríkèé ló ń jò, ọ̀nà rẹ̀ rọrùn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi sírínjì oníabẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti èyí tó ṣàn bí omi sí ojú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á fà wọlé. Lẹ́yìn náà kí ẹ lẹ ọ̀pá Perspex tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ igun inú kí ó lè ràn án lọ́wọ́.

Ìdánwò

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìta ni kí ẹ ti dán an wò, jìnnà sí ẹrù àti wáyà iná. Ẹ pọn omi dé ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ tàbí bébà pa á yíká. Bí kò bá jò, ẹ tún pọn ọ́n dé ìdá méjì, ọjọ́ kan míì. Lẹ́yìn èyí, ẹ da omi náà nù, ẹ ṣan inú rẹ̀ dáadáa kí ẹja tó wọ ibẹ̀.

Tiwa kò jò mọ́. Síbẹ̀, a ò jẹ́ kí omi rẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 30 mọ́, a sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ibẹ̀. Ẹ rántí ìṣirò òkè yẹn: àpò ìrẹsì mẹ́rin ti di ẹyọ kan àti díẹ̀. Ẹja tí à ń kó sínú rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀. A sì ti gbé e jìnnà sí ìsọ̀ ìyá oníìrẹsì.

Ìgbà tí kò yẹ kí á tún un ṣe

Bí sísán bá ti gba igun ìsàlẹ̀ kọjá sí ògiri kejì. Bí òwú aláǹtakùn bá ti bo ara rẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá gbọ́dọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Tàbí bí ó bá wà lókè ibi tí ènìyàn ń sùn tàbí tí ọmọdé ń jókòó sí, ẹ má tún un ṣe fún omi mọ́. Kò túmọ̀ sí pé owó ti ṣòfò pátápátá. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi pàtẹ ọjà: búrẹ́dì, ọṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí eṣinṣin tó máa wọ ibẹ̀ bí ẹ bá wá ìdérí fún un.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra àlòkù, kó má sanwó kí wọ́n tó pọn omi kún un lójú rẹ̀, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń tà tí kò bá gbà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Láti oṣù yìí lọ, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yáwó ra táǹkì tuntun nítorí pé tàtijọ́ sán, ìgbìmọ̀ àyálò yóò kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ wò ó. Kì í ṣe pé a fẹ́ fawọ́ owó sẹ́yìn. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé tún ṣe, àti pé lórí kí ni wọ́n máa gbé tuntun lé. Tí a bá gbé táǹkì tuntun lé orí búlọ́ọ̀kù méjì àti pákó tó tẹ̀, òun náà á sán, gbèsè méjì ló sì máa wà lọ́rùn ẹni náà.